Kóòtù Arusha, gacaca, àbí Paris: ibo ni ẹni tó yè nínú ìpẹ̀yàrun Rùwáńdà ti rí ìdájọ́ gbà?

Láàárín ọgọ́rùn-ún ọjọ́, láti ọjọ́ 7 oṣù kẹrin sí àárín oṣù keje ọdún 1994, wọ́n pa èèyàn tó lé ní 800,000 ní Rùwáńdà. Ẹ̀yà Tutsi ló pọ̀ jù nínú àwọn tó kú; àwọn Hutu, ẹ̀yà kejì, tó ń pa wọ́n sì tún pa Hutu ẹgbẹ́ wọn tí kò fẹ́ lọ́wọ́ sí i. Iye tí ìjọba Rùwáńdà fúnra rẹ̀ kà lé ní mílíọ̀nù kan. Láti ìgbà náà, kóòtù lóríṣiríṣi ti jáde pé àwọn yóò gba ẹjọ́ àwọn tó kù rò: kóòtù àgbáyé ní Arusha, gacaca tó jẹ́ kóòtù abúlé ní Rùwáńdà, àti kóòtù ilẹ̀ Yúróòpù bíi ti Paris. Iṣẹ́ tí àwọn kóòtù wọ̀nyí ṣe la fẹ́ yẹ̀ wò níbí, a ó sì yẹ̀ ẹ́ wò látojú ẹni tó wá gba ìdájọ́, kì í ṣe látojú adájọ́ tàbí lọ́yà: ta ni wọ́n gbà kó wọlé, ọdún mélòó ló ná an, kí ni wọ́n bi í, kí ló mú relé.

Ká ti sọ èyí tó ṣe pàtàkì kó má baà rú ẹnikẹ́ni lójú. Ẹni tó ń wá kí ayé gbà pé ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, Arusha ṣe ìyẹn fún un, ó sì ṣe é dáadáa. Ẹni tó ń wá ibi tí wọ́n ju òkú ọmọ rẹ̀ sí kó lè sin ín, gacaca ni. Ẹni tó fẹ́ ní lọ́yà tirẹ̀ tí yóò dìde ní kóòtù lórúkọ rẹ̀, Paris, Brussels àti Frankfurt ló ti lè rí i. Ní ti owó gbà-má-bínú, ọwọ́ ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ṣì ṣófo títí dòní, àbùkù ńlá sì ni lára gbogbo ètò yìí.

Ìgbìmọ̀ Ètò Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ló dá kóòtù Arusha sílẹ̀ lọ́jọ́ 8 oṣù kọkànlá ọdún 1994, pẹ̀lú ìpinnu 955. Orílẹ̀-èdè 13 ló fọwọ́ sí i, Nàìjíríà sì wà lára wọn. Ṣáínà kò dá sí i. Rùwáńdà, tó jókòó nínú ìgbìmọ̀ náà lọ́dún yẹn, nìkan ló dìbò pé òun kò gbà. Ó ní kóòtù náà kò ní í lè dájọ́ ikú, pé ọ̀ràn ọdún 1994 nìkan ló máa gbọ́ nígbà tó jẹ́ pé wọ́n ti ń pète rẹ̀ tipẹ́, àti pé òkèèrè ni wọ́n ń gbé e lọ. Ọ̀rọ̀ kẹta yìí ló ṣẹ mọ́ àwọn tó yè lára jù. Tànsáníà ni ìjókòó rẹ̀ wà, nínú gbọ̀ngàn ìpàdé àgbáyé tó wà ní Arusha. Obìnrin tó wà lórí òkè ní Kibuye kò lè fẹsẹ̀ rìn lọ wo ẹni tó pa ọkọ rẹ̀ lójú.

Nígbà tí kóòtù náà fi ti ilẹ̀kùn lópin ọdún 2015, èèyàn 93 ló ti fẹ̀sùn kàn. Ó rán 62 lẹ́wọ̀n, ó dá 14 sílẹ̀, ó gbé ẹjọ́ 10 fún kóòtù àwọn orílẹ̀-èdè, ó fi 3 tó ṣì ń sá kiri sílẹ̀ fún àjọ tó jogún iṣẹ́ rẹ̀. Méjì kú kí ẹjọ́ wọn tó parí, wọ́n sì fa ẹ̀sùn méjì sẹ́yìn. Ẹlẹ́rìí tó lé ní 3,000 ló wá. Iye yẹn lè dà bíi pé ó kéré fún ogún ọdún, ṣùgbọ́n ẹ wo irú ẹni tí wọ́n rí mú: Jean Kambanda, olórí ìjọba fìdíhẹ tó darí ìpakúpa náà, fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́, ó sì gba ẹ̀wọ̀n gbére lọ́jọ́ 4 oṣù kẹsàn-án ọdún 1998. Kò sí kóòtù abúlé kan tí apá rẹ̀ lè ká irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ méjì ṣáájú ìyẹn ni wọ́n dá ẹjọ́ Jean-Paul Akayesu, ẹni tó jẹ́ olórí ìjọba ìbílẹ̀ Taba. Nínú gbogbo ohun tí Arusha ṣe, tí a bá ní ká mú ọ̀kan péré, èyí la ó mú. Òun ni ìdájọ́ ẹ̀bi ìpẹ̀yàrun àkọ́kọ́ láti ọwọ́ kóòtù àgbáyé, òun náà ló sì kọ́kọ́ fi lélẹ̀ pé ìfipábánilòpọ̀ lè jẹ́ ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń pa ẹ̀yà run. Ìwé ẹ̀sùn tí wọ́n kọ́kọ́ gbé wá kò mẹ́nu kan ìfipábánilòpọ̀ rárá. Obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní ẹlẹ́rìí J ló ń sọ nǹkan mìíràn lọ, ló bá sọ pé ọkùnrin mẹ́ta ti fipá bá ọmọ òun lò, ọmọ ọdún mẹ́fà. Àwọn adájọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Laity Kama ti Senegal, Lennart Aspegren ti Sweden àti Navanethem Pillay ti South Africa, kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kọjá lọ. Wọ́n bi í síwájú sí i. Ẹlẹ́rìí mìíràn, H, wá sọ tirẹ̀. Nínú oṣù kẹfà ọdún 1997, olùpẹjọ́ tún ìwé ẹ̀sùn kọ.

Ẹni tó bá ń gbọ́ èdè wa yóò mọ ìdí tí apá kan ìdájọ́ yẹn fi yẹ kó kà. Àwọn adájọ́ jókòó ti ọ̀rọ̀ Kinyarwanda mẹ́rin: gusambanya, kurungora, kuryamana, gufata ku ngufu. Obìnrin kan lè lo èyíkéyìí nínú wọn láti sọ ohun kan náà tí wọ́n fi ṣe é, ògbifọ̀ á sì sọ ọ́ di nǹkan mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní Faransé. Gufata ku ngufu ló ń sọ ọ́ gbangba pé ipá ni wọ́n fi mú un. Bí a bá ní kí ìyá àgbà kan ní Òkè-Ògùn sọ irú rẹ̀ lónìí, ó lè ní "wọ́n bá mi sùn", ó lè ní "wọ́n bà mí jẹ́", ó sì lè ṣàìfi "ipá" sí i rárá nítorí ó gbà pé kò sẹ́ni tí kò mọ̀. Ní kóòtù, àìfi "ipá" sí i yẹn lè gbé ẹjọ́ ṣubú. Nítorí náà ni wọ́n fi pe onímọ̀ èdè wá, tó ṣàlàyé èyí àti inyenzi, ìyẹn aáyán, orúkọ tí rédíò RTLM ń pe Tutsi lójoojúmọ́ títí tí pípa wọn fi dà bí iṣẹ́ ìmọ́tótó létí àwọn tó ń gbọ́.

Wọ́n tún kọ ohun kan sínú ìdájọ́ náà tó ṣeyebíye fún ẹnikẹ́ni tó bá ń múra ẹlẹ́rìí sílẹ̀. Ní Rùwáńdà, bíi tiwa, ọ̀rọ̀ ẹnu ni ìtàn fi ń rìn. Ẹni tí wọ́n sọ nǹkan fún lè sọ ọ́ bí ẹni pé ojú ara rẹ̀ ló fi rí i. Ó lè má mọ ọjọ́, aago tàbí iye mítà. Kóòtù náà ní òun kò ní í torí ìyẹn pè é ní òpùrọ́, ṣùgbọ́n òun yóò bi í títí yóò fi ya èyí tó rí sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó gbọ́. Ẹni tó bá ń gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ẹni tó yè lónìí, ibi tó yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kó má béèrè aago. Kó béèrè pé ṣé ọjọ́ ọjà ni, ṣé wọ́n ti ṣe ìsìn òwúrọ̀ tán, ṣé wọ́n ti sin lágbájá. Kó má béèrè mítà. Kó mú un dúró sójú ilẹ̀ ibẹ̀ gan-an, kó ní kó nawọ́ sí i, kó wá wọ̀n ọ́n. Lẹ́yìn gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, kó béèrè pé: "Ẹ rí i ni, àbí wọ́n sọ fún yín?"

Bí wọ́n ṣe gba ẹlẹ́rìí lálejò ní Arusha ni kò dára tó. Wọ́n á fi bàálù gbé e wá, wọ́n á fi í sílé tí àwọn ará ìta kò mọ̀, wọ́n á fún un ní lẹ́tà ábídí, bíi J tàbí TA, dípò orúkọ. Aṣọ ìbòjú wà láàárín òun àti àwọn tó jókòó lẹ́yìn gíláàsì, ṣùgbọ́n kò sí ìbòjú láàárín òun àti ẹni tó ń jẹ́rìí takò, nítorí olùjẹ́jọ́ àti lọ́yà rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti mọ ẹni tí í ṣe. Kinyarwanda tó ń sọ á kọ́kọ́ di Faransé kó tó di Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà ìbéèrè á dé etí rẹ̀ nígbà tí ojú ẹni tó bi í ti kúrò lára rẹ̀. Ẹlẹ́rìí ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò ní lọ́yà. Kò lè bi olùjẹ́jọ́ ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Kò lè ní kí wọ́n fi nǹkan kan kún ẹ̀sùn. Lópin ìdájọ́, wọn kò kọ orúkọ rẹ̀ síbì kankan pé kí wọ́n san nǹkan fún un. Òfin kóòtù náà ní kó gbé ìwé ìdájọ́ lọ sí kóòtù ìlú rẹ̀ kó lọ pẹjọ́ owó níbẹ̀. Lọ́dún 2000 àwọn adájọ́ fúnra wọn rí i pé kò tọ́, wọ́n sì dábàá ètò gbà-má-bínú fún Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Kò dé ibì kankan.

Ẹjọ́ Butare, ìlú kan ní gúúsù Rùwáńdà, ni ibi tó ti bàjẹ́ jù. Ẹlẹ́rìí TA, obìnrin tí wọ́n fipá bá lò léraléra, wà lórí àga ẹ̀rí lápá ìparí ọdún 2001. Lọ́yà olùjẹ́jọ́ ń bi í ní ìbéèrè tó ń tàbùkù ara rẹ̀, àwọn adájọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì bú sẹ́rìn-ín níwájú rẹ̀. Wọ́n ní lọ́yà ni àwọn ń rín, kì í ṣe obìnrin náà. Ta ni yóò wá ṣàlàyé ìyẹn fún un? Nínú oṣù kìíní ọdún 2002, Ibuka àti AVEGA, ẹgbẹ́ àwọn tó yè àti ẹgbẹ́ àwọn opó, ní àwọn kò bá Arusha ṣe mọ́. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹfà, ẹjọ́ ti ń dúró nítorí pé ẹlẹ́rìí kò wá. Nǹkan mìíràn tún wà tó mú wọn bínú: ẹni tó fipá báni lò tó wà ní àtìmọ́lé Arusha ń gba oògùn HIV, obìnrin tó kó àrùn náà lára ìfipábánilòpọ̀, tó sì wá jẹ́rìí, ń padà sílé láìrí oògùn gbà. Lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn ni wọ́n ṣí ilé ìwòsàn fún àwọn ẹlẹ́rìí ní Kigali. Ilé ìwòsàn yẹn dára. Ì bá ti wà kí ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́ tó wọ bàálù.

Ẹjọ́ Butare yẹn kan náà ló fi hàn bí ó ṣe ń pẹ́ tó. Pauline Nyiramasuhuko, mínísítà ọ̀rọ̀ obìnrin àti ẹbí, ni wọ́n mú ní Nairobi nínú oṣù keje ọdún 1997. Ìdájọ́ jáde lọ́jọ́ 24 oṣù kẹfà ọdún 2011, ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn parí lọ́jọ́ 14 oṣù kejìlá ọdún 2015: ẹ̀wọ̀n ọdún 47. Ọdún 18 ni láti ọjọ́ tí wọ́n mú un. Ìdí rẹ̀ ni pé wọ́n kó olùjẹ́jọ́ mẹ́fà pọ̀ sẹ́jọ́ kan, lọ́yà kọ̀ọ̀kan sì ní láti bi ẹlẹ́rìí kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè. Ẹlẹ́rìí kan wá di ẹlẹ́rìí tí wọ́n bi léèrè lẹ́ẹ̀mẹfà.

Ìwé tó pẹ́ sì lè tú gbogbo rẹ̀ ká. Jean-Bosco Barayagwiza, ọ̀kan lára àwọn tó dá RTLM sílẹ̀, wà ní àtìmọ́lé ní Kamẹrúùnù pẹ́ kí wọ́n tó gbé e dé Arusha, kí wọ́n tó sọ ẹ̀sùn rẹ̀ fún un, kí wọ́n tó mú un dé iwájú adájọ́. Lọ́jọ́ 3 oṣù kọkànlá ọdún 1999, àwọn adájọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní kí wọ́n tú u sílẹ̀. Rùwáńdà ní òun kò bá kóòtù náà ṣe mọ́. Lọ́jọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 2000 ni wọ́n yí ìpinnu náà padà, ṣùgbọ́n wọ́n dín ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kù nítorí ẹ̀tọ́ rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ̀tọ́ olùjẹ́jọ́ kì í ṣe ọ̀tá ẹni tó yè. Ẹni tí kò bá pa á mọ́ ló ń fi ìdájọ́ ẹni tó yè wewu.

Ọ̀pọ̀ lára àwọn tí Arusha dá lẹ́bi kò ṣẹ̀wọ̀n ní Rùwáńdà. Màlì àti Bẹ̀nẹ̀ ni wọ́n kó wọn lọ. Ọgbà ẹ̀wọ̀n Akpro-Missérété, tí kò jìnnà sí Àjàṣẹ́, ni àwọn kan wà. Àjàṣẹ́ náà ni Barayagwiza kú sí lọ́dún 2010. Ohun tó ń bí àwọn tó yè nínú ni pé nígbà tí ẹlẹ́wọ̀n bá ti lo ìdá méjì nínú mẹ́ta, ààrẹ kóòtù nìkan lè ní kó máa lọ, láìbéèrè lọ́wọ́ ẹni tó jẹ́rìí. Ọdún 2018 ni Ìgbìmọ̀ Ètò Ààbò tó rọ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa fi àdéhùn dè é.

Gacaca yàtọ̀ pátápátá. Orúkọ koríko ni, koríko tí àwọn àgbà máa ń jókòó lé bí wọ́n bá ń parí ìjà. Ìjọba Rùwáńdà sọ ọ́ di kóòtù pẹ̀lú òfin ọdún 2001, nítorí ẹlẹ́wọ̀n tó lé ní 120,000 ló kún inú ọgbà tí kò lè gbà wọ́n, kóòtù tí lọ́yà ń lọ kò sì lè gbọ́ ẹjọ́ wọn tán láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún. Àwọn ará àdúgbò dìbò yan adájọ́, inyangamugayo, láàárín ara wọn: 19 níbi kọ̀ọ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n dín in kù sí 9, wọ́n tún dín in kù sí 7. Nǹkan bíi kóòtù 12,000 ló wà káàkiri. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń jókòó, ìta gbangba, iṣẹ́ àti ọjà á sì dúró. Ọjọ́ 18 oṣù kẹfà ọdún 2012 ni wọ́n pa á dé. Ẹjọ́ 1,958,634 ni wọ́n ti gbọ́.

Ohun tó mú kí gacaca ṣiṣẹ́ ni bí wọ́n ṣe to ìjẹ́wọ́. Ẹni tó bá jẹ́wọ́ gba ẹ̀dínkù, ó sì lè fi iṣẹ́ ìlú, bíi yíya ilẹ̀ òkè ní ìpele àti ṣíṣe ọ̀nà, san ìdajì ẹ̀wọ̀n rẹ̀. Ṣùgbọ́n "mo jẹ̀bi" nìkan kò tó. Ó gbọ́dọ̀ sọ ohun tó ṣe, ìgbà tó ṣe é, ẹni tó ṣe é fún, àwọn tí wọ́n jọ ṣe é, àti ibi tí wọ́n gbé òkú sí, kó sì tọrọ àforíjì ní gbangba. Apá ibi tí òkú wà yẹn ni ẹ̀bùn gacaca. Ẹ ronú ohun tó jẹ́ fún ìyá tó ti ń wá ọmọ rẹ̀ láti ọdún mẹ́wàá, kí ẹnì kan dìde lórí koríko, kó ní: "Kòtò ìgbẹ́ ẹ̀yìn ilé lágbájá ni." Wọ́n á lọ gbẹ́ ẹ lọ́jọ́ kejì. Aṣọ ni wọ́n sábà fi ń dá òkú mọ̀, àwọ̀ súwẹ́tà, bọ́tìnì, nǹkan tó wà lọ́rùn. Arusha kò fún ẹnikẹ́ni ní irú rẹ̀.

Àbùkù gacaca náà kò kéré. Kò sí lọ́yà fún ẹnikẹ́ni. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún adájọ́ ni wọ́n yọ nítorí pé ìlú fẹ̀sùn ìpẹ̀yàrun kan àwọn fúnra wọn. Ẹlẹ́rìí tó jẹ́rìí lówùúrọ̀ ń sùn ní ìsàlẹ̀ òkè kan náà pẹ̀lú ẹbí olùjẹ́jọ́ lálẹ́, wọ́n sì pa àwọn kan kí wọ́n tó jẹ́rìí. Àwọn tí ọmọ ogun RPF, ẹgbẹ́ tó lé ìjọba ìpẹ̀yàrun náà kúrò, pa kò ní ibi tí wọ́n ti lè sọ tiwọn, òfin yọ ọ́ kúrò. Lọ́dún 2008 wọ́n kó ẹjọ́ ìfipábánilòpọ̀ wá sábẹ́ gacaca, wọ́n ní inú ilé ni wọn yóò ti máa gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n níbi tí gbogbo abúlé ti ń wo ẹni tó wọlé ẹjọ́, àṣírí wo ló kù? Ní ti dúkìá, ìwé ìdájọ́ á kà á pé màlúù méjì, páànù ilé ogún, àpò ẹ̀wà mẹ́ta, kí ó san án. Ẹni tó ti ẹ̀wọ̀n dé láìní nǹkan kan ni wọ́n ń ní kó san. Ọ̀pọ̀ ìwé bẹ́ẹ̀ ṣì wà nínú àpótí.

Owó ìjọba tó wà fún àwọn tó yè, FARG, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1998, ló sanwó ilé ìwé ọmọ òrukàn, kọ́ ilé, tọ́jú aláìsàn. Ìrànwọ́ ni, kì í ṣe gbà-má-bínú. Kò béèrè lọ́wọ́ ẹni tó pa èèyàn.

Ibi tí ẹni tó yè ti jókòó bí ẹni tó ni ẹjọ́ ni Yúróòpù. Lọ́dún 2001, Brussels dá èèyàn mẹ́rin lẹ́bi nínú ọ̀ràn Butare, obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn Kátólíìkì méjì wà lára wọn. Faransé lọ́ra gan-an. Ẹjọ́ tí wọ́n gbé wá síbẹ̀ lọ́dún 1995 pẹ́ débi pé Kóòtù Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn Yúróòpù dá Faransé fúnra rẹ̀ lẹ́bi lọ́dún 2004 nítorí ìdádúró. Ọdún 2014 ni wọ́n tó parí èyí àkọ́kọ́: Pascal Simbikangwa, ẹ̀wọ̀n ọdún 25. Tọkọtaya Alain àti Dafroza Gauthier pẹ̀lú ẹgbẹ́ wọn, CPCR, ló ń lọ bá ẹlẹ́rìí lábúlé, tí wọ́n ń kó ìwé jọ, tí wọ́n sì ń gbé e lọ fún adájọ́ olùwádìí. Láìsí iṣẹ́ irú àwọn bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn afurasí ni ì bá ṣì máa gbafẹ́ kiri.

Bó ṣe ń lọ ní Paris nìyí. Afurasí gbọ́dọ̀ wà lórí ilẹ̀ Faransé. Ẹni tó yè, tàbí mọ̀lẹ́bí ẹni tó kú, á gba ọ̀dọ̀ lọ́yà fi ẹ̀sùn sílẹ̀ ní ẹ̀ka ìwà ọ̀daràn sí ọmọnìyàn tó wà ní kóòtù Paris láti ọdún 2012, pé òun fẹ́ jẹ́ *partie civile*, ẹni tí ẹjọ́ kàn gan-an. Ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀, ìwé tó fi hàn pé òun àti òkú jẹ́ ẹbí, ẹ̀dà ìdájọ́ gacaca bó bá wà, gbogbo rẹ̀ á bá a lọ. Ẹni tí kò lówó lè béèrè ìrànwọ́ lọ́yà lọ́wọ́ ìjọba. Ẹgbẹ́ bíi CPCR náà lè wọlé bí ó bá ti forúkọ sílẹ̀ fún ọdún márùn-ún ó kéré tán. Bí ẹjọ́ bá ti wà nílẹ̀, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ lè dara pọ̀ títí di ìgbà ìgbẹ́jọ́. Láti ìgbà tí wọ́n bá ti gbà á, lọ́yà rẹ̀ lè ka fáìlì, kó béèrè pé kí wọ́n lọ gbọ́ ẹnu lágbájá, kó bi olùjẹ́jọ́ ní ìbéèrè níwájú adájọ́ àti àwọn ará ìlú tó ń bá adájọ́ jókòó. Lẹ́yìn ìdájọ́ ẹ̀bi ni wọ́n ń gbọ́ ti owó. Òun kò lè pe kò-tẹ́-mi-lọ́rùn bí wọ́n bá dá olùjẹ́jọ́ sílẹ̀. Ti owó rẹ̀ nìkan ló lè tún jà fún.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ fún àwọn ẹlẹ́rìí ní Paris hàn kedere. Ẹni kan náà ti sọ̀rọ̀ ní gacaca, ó ti sọ ọ́ fún ọlọ́pàá Faransé tó wá sí Rùwáńdà, ó tún ń sọ ọ́ nísinsìnyí lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún. Lọ́yà olùjẹ́jọ́ á tẹ́ ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síwájú, á ní: níhìn-ín ẹ ní ọkọ̀ funfun, níhìn-ín ẹ ní ọkọ̀ búlúù. Ohun tó ń gba ẹlẹ́rìí là ni kí wọ́n ka ọ̀rọ̀ tó sọ tẹ́lẹ̀ fún un ní Kinyarwanda, kó sọ èyí tó ṣì rántí, kó sì ní ìgboyà láti sọ pé "n kò mọ̀". Ẹni tó bá fẹ́ mú gbogbo rẹ̀ bára mu ló ń tàsé.

Frankfurt fi hàn pé owó lè wà nínú ìdájọ́ náà gan-an. Lọ́jọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2021, kóòtù ibẹ̀ dá ọkùnrin Iraq kan lẹ́bi ìpẹ̀yàrun àwọn Yazidi, ẹ̀yà kékeré kan ní Iraq. Ọmọbìnrin ọdún márùn-ún ló so mọ́ ìta nínú oòrùn ní Fallujah títí ó fi kú. Ẹ̀wọ̀n gbére, pẹ̀lú 50,000 euro fún ìyá ọmọ náà, tó jókòó sínú ẹjọ́ pẹ̀lú lọ́yà tirẹ̀. Ìlà kan péré nínú ìdájọ́ ni. Arusha kò kọ irú ìlà yẹn fún ẹnikẹ́ni nínú gbogbo ọdún rẹ̀.

Àwọn kóòtù méjì tó wà ní The Hague tí èèyàn máa ń dà pọ̀: Kóòtù Àgbáyé, níbi tí Bọ́lá Ajíbọ́lá ọmọ Abẹ́òkúta ti jókòó nígbà tí Bosnia pe Yugoslavia lẹ́jọ́ ìpẹ̀yàrun lọ́dún 1993, kì í gba ìwé lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan rárá. Orílẹ̀-èdè ló ń pe orílẹ̀-èdè níbẹ̀. Bosnia gba ìdájọ́ lọ́dún 2007, kò gba owó. Kóòtù Ìwà Ọ̀daràn Àgbáyé, ICC, ń gba fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ àwọn tó jìyà lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì ní àpò owó fún wọn, ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ láti ọjọ́ 1 oṣù keje ọdún 2002 nìkan ló ń gbọ́, kò sì ní ọlọ́pàá. Omar al-Bashir, tó jẹ́ ààrẹ Sudan nígbà náà, tí ìwé àṣẹ ICC lórí ìpẹ̀yàrun Darfur wà lọ́rùn rẹ̀ láti ọdún 2010, wá sí Àbújá nínú oṣù keje ọdún 2013, ó sì lọ láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Nàìjíríà ti fọwọ́ sí òfin kóòtù yẹn láti ọdún 2001.

Àjọ tó jogún iṣẹ́ Arusha ṣì wà, lẹ́bàá ìlú náà, ní Lakilaki. Gbogbo afurasí tó sá lọ ni wọ́n ti wádìí dé òpin láti oṣù karùn-ún ọdún 2024. Félicien Kabuga, tí wọ́n fẹ̀sùn kàn pé ó fowó gbé RTLM dúró, ni wọ́n rí lẹ́bàá Paris lọ́dún 2020. Ẹjọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2022, ó sì dúró lọ́dún 2023 nítorí pé iyè rẹ̀ ti ń ra. Kò sí ìdájọ́. Èyí ni iye tí ìdádúró ọdún 26 ná àwọn tó yè.

Ohun tó ṣeé lò jù níbẹ̀ báyìí ni àkójọ ìwé ẹjọ́, tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́ ní ucr.irmct.org. Kí ẹni tó ń wá nǹkan má fi orúkọ èèyàn wá a, nítorí oríṣi mẹ́ta ni wọ́n lè kọ orúkọ kan. Nọ́mbà ẹjọ́ ni kó tẹ̀: ICTR-96-4 fún Akayesu, ICTR-98-42 fún Butare, ICTR-99-52 fún ti RTLM àti ìwé ìròyìn. Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ló pọ̀ jù nínú wọn, ojú ìwé wọn kò sì bára mu, nítorí náà kí ó máa fi ọjọ́ ìjókòó tọ́ka sí nǹkan, kó má fi ojú ìwé nìkan tọ́ka. Ibi tí wọ́n ti pa ọ̀rọ̀ rẹ́ ní dúdú, ẹlẹ́rìí ló wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá mọ orúkọ náà tó sì kọ ọ́ síta, ẹ̀ṣẹ̀ sí kóòtù ni, ẹ̀wọ̀n sì wà níbẹ̀. Ẹlẹ́rìí tó fẹ́ lo ẹ̀rí rẹ̀ àtijọ́ ní Paris gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí àwọn adájọ́ Arusha kí wọ́n tó tú ìbòjú rẹ̀. Bákan náà ni ẹni tó bá ti rẹ̀ láti máa jẹ́ lẹ́tà méjì, tó fẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ rí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé náà: kí ó fọwọ́ sí i fúnra rẹ̀ pé òun gbà, kó kọ lẹ́tà tí wọ́n fún un àti nọ́mbà ẹjọ́ náà sí i, kó fi ránṣẹ́.